Báwo ni ṣọ́ọ̀ṣì abúlé ṣe lè bọ́ ẹni tébi ń pa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Abúlé kan lẹ́bàá Ìkọ̀lé-Èkìtì ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà, àtìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 làwọn ìdílé kan ò ti jẹun kánú mọ́. Kí la lè ṣe tójú ò ní tì wọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun gan-an. Tẹ́ ẹ bá ṣe ìkórè, ẹ má ta gbogbo ẹ̀ ní gbàǹjo, ẹ yọ gàrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ sọ́tọ̀ torí ìyẹn máa ń pẹ́ nílẹ̀, kí iṣu tuntun tó jáde gan-an lebi máa ń le. Káwọn ìyá ìjọ gbé e lọ sílé àwọn tébi ń pa lálẹ́, kóńgò gàrí kan, epo ìgò kan, ẹ má pe orúkọ ẹnikẹ́ni lórí pẹpẹ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ya fọ́tò. Mùsùlùmí àdúgbò tébi ń pa náà ńkọ́? Ẹ fún un.