Èsì: Ṣé a lè ya eruku ọyẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èéfín?

Àbúrò, o ní fílítà 20 tó gba eruku inú afẹ́fẹ́ lo kó jọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, o sì fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ọyẹ́ àti èyí tó jẹ́ èéfín. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ 20 kéré jù. Wá bí 100, láti ìgbà òjò wọ inú ọyẹ́.

Èròjà tí wọ́n bá wọ̀n lára fílítà kọ̀ọ̀kan ni wàá wò: sílíkọ́nì àti alumíníọ̀mù ń tọ́ka sí erùpẹ̀, síǹkì sábà máa ń bá táyà ọkọ̀ rìn, potasíọ̀mù sì ń tọ́ka sí igi ìdáná àti igbó tí wọ́n ń sun. (Ó wà nínú erùpẹ̀ náà o, má jẹ́ kó tàn ẹ́!) Ìṣirò PMF (Positive Matrix Factorization), tí àwọn onímọ̀ Paatero àti Tapper gbé jáde ní 1994, á kó àwọn èròjà tó jọ ń pọ̀, tó jọ ń dín kù, pọ̀ sójú kan. Kò ní bá ẹ sọ wọ́n lórúkọ. Ìwọ ni wàá wò ó pé ti inú ọyẹ́ nìyí, ti ìdí ààrò nìyẹn.