Ẹ Bi Wá: Nígbà Tí Ọ̀rọ̀ Kò Sí Níbi Tí Ẹ Wá A Sí

Lẹ́tà tó dé lóṣù yìí láti Èkìtì pọ̀ díẹ̀, ìwé atúmọ̀ èdè sì ni gbogbo wọn dá lé.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ Yorùbá ni mí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Ìwé atúmọ̀ èdè CMS kan, ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Church Missionary Society, wà nílé ìwé wa. Àwọn ọmọ wá "ayé", "ẹyẹ" àti "ènìyàn" nínú rẹ̀, wọn kò rí ọ̀kankan. Ṣé ká gbé e jù nù ni?

Ẹ má gbé e jù nù. Àwọn ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, àkọtọ́, ìyẹn ọ̀nà tí à ń gbà kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ló yàtọ̀. Ọdún 1913 ni ìwé náà kọ́kọ́ jáde, Oxford sì tún un tẹ̀ ní 1950. Àkọtọ́ tí ẹ fi ń kọ́ àwọn ọmọ, 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí i. Nítorí náà, "aiye" ni kí wọ́n wá fún ayé, "ẹiyẹ" fún ẹyẹ, "enia" fún ènìyàn. Ọkùnrin wà ní "ọkọnrin", obìnrin ní "obirin", tuntun ní "titun", wọ́n ní "nwọn". Níbi tí à ń kọ fáwẹ́lì méjì sí lónìí, bíi náà àti oòrùn, ẹyọ kan ni àwọn àgbà máa ń kọ, wọn á wá fi àmì tó wọ́ lé e lórí: "nã", "õrun". Ẹ kọ gbogbo èyí sórí ìwé pélébé kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú èèpo ìwé náà.

Ohun kejì tó ń da ọmọdé láàmú ni ètò álífábẹ́ẹ̀tì. Lẹ́tà 25 ni tiwa: "ẹ" tẹ̀lé "e", "gb" tẹ̀lé "g", "ọ" tẹ̀lé "o", "ṣ" tẹ̀lé "s". Ọmọ tó ti mọ ètò Gẹ̀ẹ́sì á máa wá "gbogbo" láàárín "ga" àti "gé". Kì í sì í ṣe gbogbo ìwé ló ya gb sọ́tọ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò: bí "gbà" bá ṣáájú "gé" nínú rẹ̀, wọ́n da gb pọ̀ mọ́ g nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ìfàkì-Èkìtì. Nílé wa, a máa ń sọ pé "ọrụ́kọ", "ẹ̀lụ̀bọ́", "ulé". Mo wo abẹ́ lẹ́tà ọ, mo wo abẹ́ lẹ́tà ẹ, n kò rí wọn. U ni kò tilẹ̀ ní nǹkan kan rárá.

Yorùbá àjùmọ̀lò, èyí tí gbogbo wa jọ ń kọ, ni ìwé yẹn ń sọ, ọmọ wa, ọ̀rọ̀ orúkọ kì í sì í fi u bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹnu ilé bá fi u bẹ̀rẹ̀, i ni kí o wò: ulé, ilé. Ìyẹn ò le.

"Ọrụ́kọ" ló gba àlàyé. Èkìtì ní i méjì àti u méjì. Ọ̀kan ń bá e àti o rìn. Èkejì, tí àwọn onímọ̀ èdè máa ń fi àmì sí nísàlẹ̀ (ị, ụ), ẹ àti ọ ló ń bá rìn. Nítorí èyí, ọ tó parí ọ̀rọ̀ á mú kí ti iwájú náà jẹ́ ọ tàbí ẹ, ụ tó wà láàárín kò sì dí i lọ́wọ́. Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní ị àti ụ wọ̀nyí. Nínú rẹ̀, bí i tàbí u bá wà láàárín irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, e tàbí o ló ń ṣíwájú: orúkọ, èlùbọ́. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ ilé bá ní sílébù mẹ́ta, tí i tàbí u wà láàárín, tí ẹ tàbí ọ sì wà lórí àti ní ìdí, o tàbí e ni kí o lọ wá a sí.

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí o kò ní rí bó ti wù kí o wá a. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àṣìpè ni wọ́n. Kọ wọ́n sínú ìwé kan: ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, odindi gbólóhùn tí o ti gbọ́ ọ, ìlú, àti bóyá àgbà ló sọ ọ́ tàbí ọmọdé. Má fo orúkọ ìlú o, torí ẹnu Mọ̀bà kì í ṣe ẹnu Ìkẹ́rẹ́.

Owó ìwé atúmọ̀ èdè kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi ní Adó. Ti Abraham ni kí n rà ni, àbí ti Delano?

Ọdún kan náà, 1958, ni àwọn méjèèjì jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni Abraham fi túmọ̀ Yorùbá, ó lé ní ojú-ìwé 700, ó sì ń fún ọ̀pọ̀ ewéko àti ẹranko ní orúkọ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè wọ́n. Kò ní apá tó ti Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí Yorùbá. Yorùbá ni Delano fi ṣàlàyé Yorùbá. Bí ẹ bá ń túmọ̀ ìwé, ẹ ra Abraham. Bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ, Delano ni. Ẹ má retí ọ̀rọ̀ tuntun bíi fóònù alágbèéká nínú èyíkéyìí.

Bí ẹ bá bá ẹ̀dà tí wọ́n fi ẹ̀rọ dà kọ pàdé lọ́jà, ẹ ṣí àárín rẹ̀ síta gbangba. Àmì abẹ́ ẹ àti ọ ló máa ń kọ́kọ́ pa rẹ́, pàápàá lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti rán ìwé pọ̀. Ìwé tí ẹ kò ti mọ e yàtọ̀ sí ẹ kò tó owó yòówù.

Ẹ má sì tètè sọ pé ọ̀rọ̀ kò sí. "Kíkà" wà lábẹ́ kà, "ẹlẹ́ran" lábẹ́ ẹran. Nínú "ra iṣu", ohùn àárín ni ẹ gbọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ rà olóhùn ìsàlẹ̀ ni kí ẹ wò, torí ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń gba ohùn àárín bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ba ilé jẹ́": bàjẹ́ ni.

Níbo ni mo ti lè rí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè àti lítíréṣọ̀?

Ẹ wo ìwé tí wọ́n ń pè ní Èdè-Ìperí Yorùbá, apá kìíní àti ìkejì. Ìwé atúmọ̀ èdè lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ìwé atúmọ̀ èdè kan wà lórí fóònù mi, PDF ni. Mo tẹ "ọjọ́", ó ní kò sí, bẹ́ẹ̀ mo ń wò ó lójú!

Ẹ fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Bí kò bá yí àwọ̀, àwòrán lásán ni ìwé náà, kò sí lẹ́tà kankan tí fóònù lè wá. Bí ó bá yí àwọ̀, àmì ló fa wàhálà: àwọn kan ń fi ẹyọ tóótó sábẹ́ ọ, àwọn mìíràn ń fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán; ojú wa kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀, fóònù rí i. Ẹ da ọ̀rọ̀ náà kọ láti inú ìwé yẹn gan-an, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi ìṣàwárí. Bí ó bá wá rí i, ẹ da ẹ, ọ àti ṣ inú ìwé náà sí ibì kan lórí fóònù, kí ẹ máa mú wọn níbẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ wá ọ̀rọ̀.