Bí a ṣe ń bi òṣìṣẹ́ ìjọba nípa iṣẹ́ láti ilé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ka kan ní iléeṣẹ́ ìjọba ni mò ń darí. Àwọn kan nínú òṣìṣẹ́ mi ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí àwọn máa ti ilé ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀. Àwọn mìíràn ń kùn pé ojúsàájú ni. Mo fẹ́ mọ èrò gbogbo wọn kí n tó kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá. Báwo ni kí n ṣe bi wọ́n?

Ìdáhùn: Inú mi dùn pé ẹ fẹ́ gbọ́ tẹnu wọn ná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn béèrè pé "Ṣé ó wù yín láti máa ti ilé ṣiṣẹ́?" Ohun tó wu ènìyàn kó tó dán an wò kì í sábà dúró. Iléeṣẹ́ Ctrip ní Ṣáínà, tó ń bá ènìyàn ṣètò ìrìn àjò, dán an wò láàárín 2010 sí 2011. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dá oníbàárà lóhùn lórí fóònù ló fúnra wọn ní àwọn fẹ́ ẹ, wọ́n sì fi oṣù mẹ́sàn-án ti ilé ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ wọn pọ̀ sí i ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀, nígbà tí iléeṣẹ́ náà ní kí wọ́n tún yàn, nǹkan bí ìdajì wọn padà sí ọ́fíìsì. Ìdáwà ló lé ọ̀pọ̀ wọn padà. Ìgbéga sì ṣọ̀wọ́n fún wọn ju fún àwọn tí iṣẹ́ wọn dára bákan náà ní ọ́fíìsì lọ.

Iṣẹ́ gan-an ni kí ẹ béèrè: "Nínú ohun tí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, èwo ni ẹ lè ṣe láìsí ní ọ́fíìsì? Kí ló dí èyí tó kù lọ́wọ́?" Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí i pé fáìlì ló so mọ́ ọ́fíìsì, kì í ṣe ènìyàn. Bí ìwé kan bá gbọ́dọ̀ gba orí tábìlì mẹ́rin kọjá, ẹnì kan ṣoṣo tó wà nílé ti tó láti dá a dúró. Ní ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ àwọn tó hùmọ̀ nǹkan tuntun (patent), àwọn kan nínú àwọn tó ń yẹ ìwé ìbéèrè ẹ̀tọ́ náà wò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ láti ìlú tó bá wù wọ́n ní 2012, ìwádìí sì fi hàn pé iṣẹ́ wọn tún lé ní ìdá 4.4 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ìgbà tí wọ́n ń ti ilé ṣiṣẹ́ nítòsí ọ́fíìsì. Orí kọ̀ǹpútà ni ìwé wọn wà, olúkúlùkù ló sì ń dá ti ẹ̀ ṣe.

Ti àwọn tó ń kùn ló ká mi lára jù. Ẹni tó jókòó ní kàńtà, awakọ̀, ẹ̀ṣọ́: kò sí bí wọ́n ṣe lè gbé iṣẹ́ wọn lọ sílé. Ẹ bi wọ́n lọ́tọ̀ nípa ohun tó lè dín wàhálà tiwọn kù, bóyá kí wọ́n máa pààrọ̀ àkókò tí wọ́n ń wọlé, tàbí kí wọ́n máa gba ìsinmi ọjọ́ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má da ìdáhùn wọn pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, kí ọ̀pọ̀ má baà gbé ohùn wọn mì.

Ẹ má gba orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀gá tó ń kọ ìròyìn nípa iṣẹ́ wọn bá yín gba ìwé ìdáhùn wọn jọ, torí ohun tí ọ̀gá fẹ́ gbọ́ ni wọn yóò kọ.

Ẹ fi oṣù mẹ́ta dán an wò, kí ẹ tún béèrè ohun kan náà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa tún béèrè sínú lẹ́tà yín sí àwọn ọ̀gá, kí gbogbo wọn mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìdánwò ni.