Mo Jí Láti Gbàdúrà, Fóònù Ló Gba Ìdájí Mi

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Aláṣọ ni mí ní ọjà Gbági, mo sì ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa fún ọdún 14. Tẹ́lẹ̀, aago márùn-ún ìdájí kì í lù bá mi lórí ibùsùn. N ó kọrin, n ó ka Bíbélì, n ó sì bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nísinsìnyí, inú fóònù ni mo ti ń ka Bíbélì, èyí tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi sì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí mo bá ti ṣí Sáàmù tán, àtẹ̀jíṣẹ́ a já wọlé: oníbàárà kan ń béèrè iye tí àǹkárá jẹ́. Bí mo bá ti dá a lóhùn, ojú mi a bọ́ sórí status ẹlòmíràn, láti ibẹ̀ n ó di orí fídíò ìgbéyàwó àwọn tí n kò mọ̀ rí. Nígbà tí n ó bá fi gbójú sókè, aago mẹ́fà ààbọ̀ ti lù, Sáàmù náà ṣì wà ní ẹsẹ kejì. Mo ń gbọ́ ìwàásù lórí Facebook lójoojúmọ́, mo sì ń bá wọn ṣe Àmín, síbẹ̀ ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo ti jìnnà sí Ọlọ́run. N kò lè ta fóònù, torí ọmọ mi wà ní Toronto, inú rẹ̀ ni mo sì ti ń tajà. Kí ni kí n ṣe?
Aláṣọ, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN

Ìyá wa ọ̀wọ́n, ẹ má ta fóònù. Ohun tó mú mi dúró nínú lẹ́tà yín kì í tilẹ̀ ṣe oníbàárà tàbí fídíò ìgbéyàwó. Ìwàásù tí ẹ ń gbọ́ lójoojúmọ́ ni. Ìwàásù dára, n kò sì ní kí ẹ má gbọ́ ọ mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ti àwọn tó ń jẹun kò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu. Oníwàásù tó ń bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sọ̀rọ̀ kò mọ gbèsè tó wà lọ́rùn yín, kò mọ bí nǹkan ṣe ń lọ fún ọmọ yín lókè òkun, kò sì mọ ẹni tí ẹ dì sínú. Ìgbà wo ni ẹ fi ẹnu ara yín sọ ìwọ̀nyí fún Ọlọ́run kẹ́yìn? Àmín tí a tẹ̀ sábẹ́ àdúrà ẹlòmíràn rọrùn púpọ̀. Èmi tí mò ń dá yín lóhùn yìí náà ti tẹ̀ ẹ́ rí sábẹ́ àdúrà tí n kò gbọ́ parí.

Ẹ má sì dá ara yín lẹ́bi jù. Ojú-ìwé Bíbélì ní ibi tó parí sí: ẹni tó ń kà á yóò dé òpin ojú-ìwé, yóò mí, yóò sì ronú kó tó ṣí òmíràn. Ti fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2006, Aza Raskin, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀ tó mú kí nǹkan tuntun máa yọ síwájú ẹni láìlópin bí ìka bá ṣe ń fà á, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ ní gbangba lẹ́yìn náà pé ẹ̀rí ọkàn ń dá òun lẹ́bi lórí rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹ̀mí òkùnkùn tí ẹnikẹ́ni ní láti lé jáde lára fóònù yín, bí ẹnìkan bá tilẹ̀ fẹ́ gba owó lórí rẹ̀.

Ní orí kìn-ín-ní ìwé Máàkù, nígbà tí oòrùn wọ̀, gbogbo ìlú Kapanáúmù péjọ sẹ́nu ọ̀nà ilé tí Jésù wà, wọ́n kó àwọn aláìsàn wá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Ó ti dìde, Ó ti lọ sí ibi tí kò sí ènìyàn, Ó ń gbàdúrà. Símónì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá A kàn, wọ́n ní gbogbo ènìyàn ń wá A. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, nítorí ohun tí fóònù ń wí fún yín ní ìdájí nìyẹn: gbogbo ènìyàn ń wá yín. Jésù kò sáré padà tọ̀ wọ́n lọ. Ó ní kí àwọn kọjá sí àwọn ìlú mìíràn. Nínú Mátíù orí kẹfà ẹ̀wẹ̀, Ó ní kí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà wọ yàrá lọ, kí ó sì ti ilẹ̀kùn. Yàrá tí fóònù wà lábẹ́ ìrọ̀rí, bí ẹ tilẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ tì í, gbayawu ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà.

Láti alẹ́ òní, ẹ jẹ́ kí fóònù sùn sí pálọ̀, kí ẹ sì ra aago aláàmù kékeré. Ẹ pa dátà, ẹ má pa fóònù fúnra rẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì bá dé, kó má gba orí WhatsApp, kó pe nọ́ńbà yín, yóò dún. Bí aago márùn-ún ìdájí bá lù ní Ìbàdàn, nǹkan bí aago mọ́kànlá sí méjìlá òru ni ní Toronto, ó ṣeé ṣe kó ti sùn. Oníbàárà lè dúró di aago méje.

Ẹ má fi wákàtí kan ààbọ̀ àtijọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọkàn yín yóò sá lọ sí Gbági. Ẹ má bínú sí i, ẹ dárúkọ oníbàárà tó wá sọ́kàn yín, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì padà sórí ẹsẹ tí ẹ wà. Ẹ jẹ́ kí ohùn jáde lẹ́nu yín, ní Yorùbá tí ẹ fi ń ná ọjà, nítorí àdúrà inú a máa di oorun ní ìdájí.

Ẹ sì gbé Bíbélì ìyá yín sọ̀kalẹ̀. Láti ọdún 1884 tí odindi Bíbélì Yorùbá, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe aáyan lé lórí, ti jáde, àtẹ̀jíṣẹ́ oníbàárà kan kò tíì já wọlé sáàárín ojú-ìwé rẹ̀ rí. Kí ẹ tó ka ohunkóhun, ẹ ṣí èèpo rẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa máa ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sí. Bí ẹ bá rí tiyín níbẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ àdúrà ọ̀la láti orí ìlà yẹn.