Tíkẹ́ẹ̀tì tíátà lówó pọ́ọ́kú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ lọ kí ọmọ mi ní New York, ó wù mí kí n wo eré Broadway, àmọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ti wọ́n jù. Kí ni ṣíṣe? Ìyá Bọ́lá, Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀ Mà. Ẹ lọ sí TKTS, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tíkẹ́ẹ̀tì kan ní Times Square, abẹ́ àtẹ̀gùn pupa kan níbẹ̀ ló wà, àtọdún 1973 ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì eré ọjọ́ náà gan-an, wọ́n sì lè gé owó ẹ̀ sí ìdajì. Èrò ibẹ̀ á rán yín létí Ojúde Ọba, ẹ wọ bàtà tó rọ̀ yín lẹ́sẹ̀. Eré tó gbòde kan kì í sábà sí níbẹ̀ o, torí náà ẹ mú eré méjì mẹ́ta sọ́kàn kẹ́ ẹ tó dé wíńdò tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.