Rolex bàbá mi ń dúró fúnra rẹ̀: ṣé bátìrì ló kú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi fi aago ọwọ́ Rolex kan sílẹ̀ fún mi, "Oyster Perpetual" ni wọ́n kọ sójú rẹ̀. Bí mo bá wọ̀ ọ́, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí mo bá bọ́ ọ sínú àpótí fún ọjọ́ mélòó kan, màá bá a tó ti dúró. Àbúrò mi ní kí n lọ pààrọ̀ bátìrì. Ṣé kí n lọ?

Ìdáhùn: Ẹ má lọ. Aago oníbátìrì ò mọ̀ bóyá èèyàn wọ òun tàbí kò wọ òun. Tiyín mọ̀, ìtàn ilé iṣẹ́ Rolex ló sì ṣàlàyé rẹ̀.

Hans Wilsdorf, ọmọ Jámánì, àti Alfred Davis ló dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1905, kó tó di pé ó kó lọ sí Geneva. Aago àpò làwọn ọkùnrin ń lò nígbà náà; ọ̀ṣọ́ obìnrin ni wọ́n ka tọwọ́ sí. Wilsdorf ò gbà. Lọ́dún 1914, ilé àyẹ̀wò Kew ní England fún aago ọwọ́ rẹ̀ ní ìwé-ẹ̀rí Class A pé ó ń pe àkókò gẹ́lẹ́, èyí tó jẹ́ ti aago ọkọ̀ ojú omi tẹ́lẹ̀.

Ó wá ku omi àti eruku. Oyster jáde lọ́dún 1926: ẹ̀yìn rẹ̀ àti orí tí a fi ń yí i, dídè ni wọ́n ń dè é pinpin. Lọ́dún 1927, Mercedes Gleitze, obìnrin òmùwẹ̀ ọmọ England, gbé ọ̀kan kọ́rùn wọ òkun tó wà láàárín England àti Faransé. Òtútù ò jẹ́ kó wẹ̀ ẹ́ já lọ́jọ́ náà o, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ohun tó lé ní wákàtí mẹ́wàá, aago ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ìyọnu tó wà níbẹ̀ ni pé ojoojúmọ́ lèèyàn ń tú orí yẹn kó tó lè yí aago. Ẹni tó bá gbàgbé láti dè é padà, omi wọlé nìyẹn. Perpetual tí wọ́n ṣe lọ́dún 1931 ló yanjú ìyẹn. Bí a bá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí irin pẹlẹbẹ kan bí ààbọ̀ òṣùpá. Bí ọwọ́ yín bá ti ń mì ló ń yí po, tó sì ń lọ́ sípíríǹgì. John Harwood, ọmọ England, ti ṣe aago ọwọ́ tó ń yí ara rẹ̀ ṣáájú wọn, ṣùgbọ́n irin tirẹ̀ kì í yí po. Ṣe ló ń gbá síwá sẹ́yìn.

Bí ọwọ́ ò bá mì, sípíríǹgì á tú tán láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ tú orí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ yí i síwájú ní bí ìgbà 25, ẹ tún àkókò ṣe, kí ẹ sì dè é padà. Ẹ má jù ú fìrìfìrì. Bó bá ń dúró lọ́wọ́ yín, ìyẹn ni kí ẹ gbé e lọ fún oníṣẹ́ aago kó fọ̀ ọ́, kó fi òróró sí i, kó sì pààrọ̀ rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọ inú rẹ̀. Títí dìgbà náà, ẹ má gbé e wọ omi, Oyster ì báà jẹ́. Bí wọ́n bá sì ní àwọn fẹ́ lọ ara rẹ̀ kó dán, ẹ kọ̀. Àwọn tó ń ra aago àtijọ́ máa ń sanwó jù fún èyí tí wọn ò tíì lọ̀.