Mọ́tò Ọkọ̀ Mi Ń Gbóná Bí Mo Bá Ti Sáré

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí mo ń fi rédíò darí. Bí mo bá rọra wà á, omi tó ń mú mọ́tò tutù máa ń tú jáde dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti jẹ́ kó sáré, omi náà á dá, mọ́tò á sì gbóná kọjá ohun tí ọwọ́ lè gbà. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Níwọ̀n ìgbà tí omi ń jáde nígbà tí ọkọ̀ ń rọra lọ, ọ̀nà omi kò dí, nítorí náà ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, imú rẹ̀ á gbé sókè, díẹ̀ lára ìdí rẹ̀ nìkan ni yóò kù nínú omi, bí ẹnu páìpù náà bá sì ga jù, afẹ́fẹ́ ni yóò máa gbà wọlé. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sẹ́yìn abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀, níbi tí omi ti ń fi agbára tú sẹ́yìn, kí ihò rẹ̀ sì kọjú síwájú gan-an. Ní tèmi, ẹnu omi tí wọ́n gbẹ́ sínú ìtọ́kọ̀, ìyẹn pátákó ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń yí i sọ́tùn-ún sósì, ló dára jù fún ọkọ̀ eré, torí ìtọ́kọ̀ kì í sábà kúrò nínú omi.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo rọ́bà tó ń gbé omi lọ nínú ọkọ̀. Ooru máa ń mú kó rọ̀, á sì ká pọ̀ níbi tó ti ṣẹ́rí, pàápàá lẹ́bàá mọ́tò. Ẹ yọ ọ́ lẹ́nu páìpù, kí ẹ fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó yẹ kó kọjá láìsí wàhálà. Ẹ jẹ́ kí omi kọ́kọ́ gba ara ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n iná tó ń lọ sí mọ́tò kó tó dé mọ́tò fúnra rẹ̀, kó gba ìsàlẹ̀ wọ ibi tó yí mọ́tò ká, kó sì gba òkè jáde, kí afẹ́fẹ́ má bàa há síbẹ̀.

Bí omi bá wá ń tú jáde gidi, tí mọ́tò ṣì ń gbóná jù, ó ṣeé ṣe kí ẹrù wúwo jù fún un: ẹ fi abẹ̀bẹ̀ tó kéré sí i rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀, nítorí ooru àpọ̀jù máa ń dín agbára òòfà inú mọ́tò kù, kì í sì í padà bọ̀ sípò.